Ìka Méjì Lórí Omi

Omi kò wọ́n àwa ará àgbègbè Èkó-Èǹdè. Láti ibi dáàmù tí wọ́n fi sé odò Ọtìn níbẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ti ń lọ sí Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, àwọn apẹja sì ń tu ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lórí rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìlù náà kò wọ́n wa. Òrìṣà ni Ọtìn, ìlù rẹ̀ wà, orin rẹ̀ wà, oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ la ti ń lu gbogbo rẹ̀. N kò tíì rí onílù tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lórí dáàmù yẹn. Bí mo bá sì rí i lọ́la, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó mọ̀wẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ apẹja ọ̀hún dáadáa, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Díẹ̀ ló fi fẹ̀ ju ìbàdí ọkùnrin kan lọ. Àwọ̀n wà níwájú, igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi wà lẹ́sẹ̀, ẹja tí wọ́n bá pa wà láàárín. Ọwọ́ méjèèjì apẹja wà lára àjẹ̀. Ìyáàlù ní tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan: ọwọ́ òsì ni yóò máa fún ọ̀sán, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò di kọ̀ǹgọ́ mú. Ta ni yóò wá tukọ̀? Yàtọ̀ sí èyí, Ọtìn kì í ṣe odò tí àwọn baba wa ń bá ṣeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá a ṣe é ní Ìkìrun, odò yìí ló dínà mọ́ àwọn tó ń sá lọ. Wọ́n bẹ́ sínú rẹ̀, ó sì gbé wọn lọ. Ogun Jálumi ni ìtàn ń pè é títí dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń mì, tó sì fi ohun èlò orin gbé ohun tó dùn jáde, ẹ yẹ́ ẹ sí. Orin nìkan kọ́ ló ń bójú tó. Ó ń bójú tó ara rẹ̀ kó má bàa ṣubú, ó ń bójú tó ohun èlò tí omi fẹ́ bà jẹ́, ó sì tún ń bójú tó ìjókòó tí kò gbé ojú kan. Ohun tó ń wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkọ̀ máa ń fi àmì sílẹ̀ lára ọwọ́. Ọwọ́ tó kọ́ orin lórí omi, bó bá gúnlẹ̀ tán, bó ti ń ṣe lórí omi náà ni yóò máa ṣe. Púpọ̀ nínú orin tí a gbọ́ dàgbà, jùjú pàápàá, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti awọ, nítorí òun ni omi máa ń dà láàmú jù. Kò sí àyàn tí kò mọ̀ pé awọ ìlù a máa le nígbà ọyẹ́, a sì máa rọ̀ nígbà òjò. Bó bá rọ̀, wọn á sá a sóòrùn, tàbí kí wọ́n gbé e súnmọ́ iná díẹ̀. Lórí ọkọ̀, iná kò sí, oòrùn lè má ràn, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ láti orí omi láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó gbé gángan lọ́wọ́ lè rò pé òun ti bọ́, torí ọ̀sán wà lára ìlù rẹ̀: bí awọ bá dẹ̀, kó fún ọ̀sán sí i, ohùn a tún gòkè. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Bó ti ń fún ọ̀sán tó láti mú ohùn àárín dúró síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó kù fún ohùn òkè ń dín kù. Tó bá yá, ohùn òkè kò ní ibi tí yóò gùn lọ mọ́, òun àti ohùn àárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ìlù tó ń ṣe àrà lásán lè fara da ìyẹn. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kò lè fara dà á, torí orúkọ ẹni tó ń kì lè di orúkọ ẹlòmíràn láàárín ìgbì méjì, owó onílù a sì bá ìgbì lọ.

Àwọn tí omi jẹ́ ilé wọn ti mọ èyí ṣáájú wa. Ìlù tí wọ́n fi igi gbẹ́ láìfi awọ bò ó, tí wọ́n kàn la ihò gbọọrọ sí lójú, ti wà lọ́wọ́ àwọn Ìjọ̀ àti àwọn Kalabari láti ìgbà láéláé. Igi kì í rọ̀ bí awọ. Agogo irin kò bìkítà nípa ìrì. Ní Argungu lókè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934, àwọn onílù wà nínú ọkọ̀ lórí odò, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn tó gbé igbá ńlá ńlá tí èso wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń mì ín kí ẹja lè sá wá síbi tí omi kò ti jìn. Bí mo bá ní kí n yan ohun èlò kan tó bá ọkọ̀ mu jù, igbá yìí ni n bá mú. Ìmìtìtì ọkọ̀ tó ń ba iṣẹ́ onígìtá jẹ́ kò lè ba tirẹ̀ jẹ́, nítorí mímì ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ tó gba ojú àti etí jùlọ ni ti onílù tó wà nínú ọkọ̀ eré ìje, irú ọkọ̀ gbọọrọ tí ogún tàbí ọgbọ̀n atukọ̀ jókòó sí lọ́tùn-ún lósì. Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láàárín oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà létí omi, wọ́n sì fi ọ̀ṣọ́ àti ìlù kọjá níwájú àwọn àlejò lórí ọ̀sà lẹ́bàá Ìkòyí. Àwọn èèyàn ń wo aṣọ. Mo fẹ́ kí ẹ wo ọwọ́ onílù. Nígbà tí àjẹ̀ bá wọ omi tí gbogbo atukọ̀ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ a ta síwájú, ara ẹni tó jókòó a sì fì sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá yọ àjẹ̀ láti tún un fì síwájú, eré ọkọ̀ a dín kù díẹ̀, ara a sì tún dà síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onílù tí kò mọṣẹ́ yóò máa bá èyí jà: yóò le ọrùn, yóò le ẹ̀yìn, ìlù rẹ̀ yóò sì máa sáré ní ìgbà kan, yóò máa falẹ̀ ní ìgbà mìíràn. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í jà. Ó ń jẹ́ kí ara dà síwájú pẹ̀lú ọkọ̀, ọwọ́ sì ń bá ara bọ̀ sórí ìlù ní gẹ́rẹ́ tí àjẹ̀ fẹ́ wọ omi, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wọ̀ ọ́. Bí ìlù bá dún lẹ́yìn àjẹ̀, àwọn atukọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bó bá ṣáájú ní ìwọ̀n ìmí kan, òun ló ń darí wọn. Ìwọ̀n ìmí kan yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Omi náà ní oore tó ń ṣe fún olórin, kò yẹ ká gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn tó wà lójú omi bá tutù ju èyí tó wà lókè lọ, ohùn kì í fò lọ sókè. A máa tẹ̀ padà sórí omi, a sì máa rìn jìnnà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé létí dáàmù Èkó-Èǹdè bóyá òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja méjì ń sọ láàárín ara wọn lọ́nà jíjìn. Àwọn ọba Òyìnbó mọ èyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1717, Ọba George Kìíní wọ ọkọ̀ lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Chelsea, ọkọ̀ mìíràn sì ń bá tirẹ̀ rìn tí olórin bí 50 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe orin tí George Frideric Handel kọ fún ìrìn àjò náà. Ó dùn mọ́ ọba débi pé ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Ohun tí mo gbádùn jù nínú ìtàn yìí ni irú ohun èlò tó wà níbẹ̀: kàkàkí, ìwo, fèrè oríṣiríṣi, fáyólìn àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ohùn wọn nípọn. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ kò dárúkọ dùùrù olókùn tí kì í fẹ́ẹ́ kúrò lẹ́yìn irú orin bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Àgbà akọrin náà mọ ohun tí odò ń fẹ́. Ohùn dùùrù yẹn kéré, okùn rẹ̀ pọ̀, ìrì ojú omi kan ṣoṣo sì tó láti da ohùn gbogbo wọn rú.

Ṣùgbọ́n orin ọba ni ìyẹn, ọjọ́ kan péré ni. Àwọn tí mo fẹ́ gbóríyìn fún kò ní ọba tó ń gbọ́ wọn. Àwọn Kru ni, ará etíkun Làìbéríà, tí àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà síṣẹ́ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí èbúté tó jinlẹ̀ kò tíì sí ní ọ̀pọ̀ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ ńlá yóò dúró sójú òkun, àwọn Kru ni yóò sì fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá láti kó ẹrù àti èèyàn wálé. Ọkọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti Liverpool a máa yà ní Freetown láti kó wọn, wọn á bá a ṣiṣẹ́ dé Èkó, dé Calabar, dé ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tún já wọn sílẹ̀ bó bá ń padà. Wọ́n ń kẹ́rù, wọ́n ń kun ọkọ̀, wọ́n ń kó èédú sínú iná. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì dáwọ́ dúró, wọ́n ń tẹ gìtá.

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ló jẹ́ kí n ní àwọn gan-an ni mo fẹ́ gbóríyìn fún. Ibùsùn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ nígbà náà kò gba ìtànkálẹ̀. Ohun èlò tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó ṣe é so kọ́, tàbí kó ṣe é kì bọ àpò. Máúsọ́gànù wọ àpò. Fèrè onírin wọ àpò. Àkódíọ̀nù kékeré wọ àpótí. Báńjò ṣe é so kọ́, ṣùgbọ́n awọ ló wà lójú rẹ̀, a sì ti sọ ti awọ: kí ẹni tó ni ín múra láti máa yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Gìtá ló tóbi jù nínú wọn, síbẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Kò rọrùn láti tọ́jú. Okùn rẹ̀ jẹ́ irin, atẹ́gùn iyọ̀ òkun sì ń mú kó dógùn-ún. Pátákó rẹ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, ọ̀rinrin sì ń tú gọ́ọ̀mù. Ẹni tí gìtá rẹ̀ bá ti la òkun kọjá lẹ́ẹ̀mejì tí kò là sí wẹ́wẹ́ ti fi ìtọ́jú hàn ná, kí a tó gbọ́ orin rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́: àtàǹpàkò, àti ìka ìlábẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́ta tó kù kò ṣe nǹkan kan tí etí gbọ́. Wọ́n kàn fi orí wọn tẹ ojú pátákó gìtá, nísàlẹ̀ okùn, wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ gìtá nílé ẹ̀kọ́ lè sọ pé ọ̀lẹ ni ìka mẹ́ta yẹn. Kò tíì gbé gìtá jókòó sórí ohun tó ń mì rí. Àwọn mẹ́ta yẹn ló so ọwọ́ mọ́ gìtá. Bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, gìtá á fì, ọwọ́ á sì bá a fì, àyè tó wà láàárín ìka àti okùn kò ní yí padà. Gbé ìka mẹ́ta yẹn kúrò, kí ọwọ́ wà lófuurufú, o máa rí i pé ìgbì kékeré kan tó láti jẹ́ kí àtàǹpàkò bọ́ sórí okùn tí kò fẹ́.

Àtàǹpàkò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn okùn tó nípọn, ìka ìlábẹ̀ ń gbé àwọn tó tín-ín-rín sókè. Ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, ọ̀kan ń bọ̀ lókè, wọn kì í pàdé, wọn kì í sì í jìnnà síra. Omele àti ìyáàlù ni wọ́n jọ lójú tèmi, tí èèyàn kan ṣoṣo sì ń lù wọ́n pa pọ̀. Àtàǹpàkò ni omele: ohun kan náà ló ń sọ, kò gbọdọ̀ yẹ̀, kò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́, bí inú rẹ̀ bá tilẹ̀ dùn kò gbọdọ̀ sáré. Ìka ìlábẹ̀ ló ní ẹnu ọ̀rọ̀. Kì í sábàá bá àtàǹpàkò balẹ̀ pọ̀. Àárín ibi tí àtàǹpàkò ti fi sílẹ̀ sí ibi tí yóò ti tún balẹ̀ ló ti ń wá àyè sọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí etí Yorùbá fi gbà á láìjanpata. A ti mọ irú ìjíròrò yẹn láti ìgbà èwe wa, kódà bí a kò bá tíì rí gìtá.

Ọwọ́ òsì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í rìn. Orí gìtá lọ́hùn-ún, níbi tí ojúlé àkọ́kọ́ mẹ́ta wà, ni yóò jókòó sí, yóò mú kọ́ọ̀dù C, yóò mú F, yóò mú G, ìka kan yóò sún, èkejì yóò dúró síbi tó wà. Àwọn onígìtá òde òní tó ń fò láti orí dé ìdí ọrùn gìtá lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tí kò rìn yìí ń ṣe níbi tó jókòó sí. Ó ń tẹ okùn, ó ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láìjẹ́ kí ìka kúrò lára rẹ̀, okùn a sì pa ẹnu mọ́ lójijì. Tẹ̀, kó dún. Dẹ̀, kó dákẹ́. Okùn irin tí a bá fi sílẹ̀ á máa ké lọ, ohùn tó ti kọjá á dà pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ìdẹ̀ kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí gìtá àwọn àgbà dún bí ẹni pé ó ń ta pàrà, kì í ṣe bí ẹni pé ó ń ṣàn.

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń pe ọ̀nà tí àwọn Kru ń gbà tẹ gìtá: Mainline, Fireman, Dagomba. Fireman ni òṣìṣẹ́ tó ń kó èédú sínú iná ọkọ̀. Èrò tèmi, tí n kò lè búra lé lórí, ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onísítíìmù wà nínú àtàǹpàkò yẹn. Ẹni tó bá sùn, tó jí, tó jẹun, tó kó èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń lù bákan náà tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí àtàǹpàkò ṣe ń dúró lójú kan. Ohun tó kù fún un ni kó wá ọ̀rọ̀ tí ìka kejì yóò máa sọ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó kúrò lórí omi. Ọmọ Fante kan ní Gold Coast, Kwame Asare, tí wọ́n tún ń pè ní Jacob Sam, ọwọ́ Kru kan ló ti kọ́ gìtá. Ní 1928 òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio, kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, Yaa Amponsah sì wà lára ohun tí wọ́n kọ. Láti ìgbà yẹn, ìpìlẹ̀ híláìfù ni àwọn olórin Gánà ń ka orin yẹn sí. Ní Èkó, ibi tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibi tí ẹlẹ́mu wà, ibẹ̀ ni ìka méjì ti wọ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹgbẹ́ Jolly Orchestra, tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láàárín àwọn ọdún 1930, Yorùbá wà nínú rẹ̀, Kru wà nínú rẹ̀, ará Gold Coast náà sì wà nínú rẹ̀. Fèrè onírin tó ń wọ àpò tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ ọ nínú orin wọn.

Túndé King ló sọ ọ̀nà ìka méjì yìí di ti wa pátápátá. Ọmọ Olówógbowó ní Èkó ni, àdúgbò tí kò jìnnà sí omi rárá, wọ́n sì bí i ní 1910. Báńjò onígìtá olókùn mẹ́fà ló ń tẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ onísaworo tí a fi ń dá jùjú mọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe kéré tó! Ọkùnrin mẹ́rin lè kó ohun èlò wọn wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan, kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe fún Parlophone láti 1936, ohùn rẹ̀ ga, ó tutù, kò sáré, báńjò sì ń ṣe ohun tí àtàǹpàkò Kru ń ṣe. Ní 1939 ó bá ọkọ̀ òkun lọ bí òṣìṣẹ́. Ó yọjú ní Èkó ní 1941, ó tún lọ, a kò sì tún fojú kàn án títí di 1954, tó fi ti ìhà Dakar àti Conakry dé, níbi tó ti ń ṣeré nínú ilé ọtí. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ọdún wọ̀nyẹn bí ẹni pé ó sọnù. Mo rò pé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wá ló padà sí.

Ambrose Campbell tó tẹ̀lé e lọ sójú òkun kò padà wálé bẹ́ẹ̀. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1919. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ó dé Liverpool, ó bọ́ sílẹ̀, kò sì bá ọkọ̀ náà padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, ní ọjọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù ń yọ̀ pé ogun parí ní Yúróòpù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù, wọ́n ń kọrin láàárín èrò ní Piccadilly. Ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers tó dá sílẹ̀ ló ṣe orin fún àwọn oníjó Les Ballets Nègres ní 1946. Gìtá rẹ̀ rọ̀ ju ti Túndé King lọ, ó sì fẹ́ràn kọ́ọ̀dù tó díjú díẹ̀. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ ọ, àtàǹpàkò ni mo máa ń fetí sí, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ẹ ó béèrè pé kí ló kan àwa ará odò Ọtìn nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ojú irin ló kàn wá. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó dé Ọ̀fà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ohun tó bá ti ọkọ̀ òkun bọ́ sílẹ̀ ní Èkó lè bá ọkọ̀ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: aṣọ, iyọ̀, ìṣó, gìtá, rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀fà yẹn, nítòsí wa níbẹ̀, ni wọ́n bí I.K. Dáíró sí ní 1930. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ni, òun ló sì kan ìlù fún ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Nígbà tí Dáíró di àgbà olórin, òun ló gbé àkódíọ̀nù wọnú jùjú, ohun èlò tí àwọn atukọ̀ òkun fẹ́ràn nítorí pé ó kéré, ó sì ń pariwo. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, àkódíọ̀nù náà ti di àmì tí gbogbo èèyàn fi ń dá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Bọ́tìnnì mẹ́wàá péré ló wà lára irú èyí tó ń tẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kan ní ohùn méjì: ọ̀kan nígbà tí o bá ń ti àkódíọ̀nù wọlé, ọ̀kan nígbà tí o bá ń fà á jáde. Nítorí náà ìka nìkan kò tó láti kọrin, apá gbọ́dọ̀ mọ orin náà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá gbèrò ìmí rẹ̀ dáadáa, atẹ́gùn á tán lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, á wá máa ti àpótí òfìfo. Dáíró kì í bá a wọ ibi tí yóò ti há. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń fi í sọ, láàárín ìgbà tí ohùn ẹnu bá sinmi, gángan a sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí atẹ́gùn tó tán. Bí ẹ bá rí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹ fi orin ẹnu sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ná, ẹ tẹ́tí sí ibi tí àpótí náà ti ń yí padà láti fífà sí títì. Ní etí tèmi, ibi tí gbólóhùn parí sí ló sábàá máa ń yí i padà.